Lẹ́ǹsì Wo Ló Bá Yàrá Mu?

Lẹ́ǹsì prime ni lẹ́ǹsì kámẹ́rà tí kì í fa nǹkan súnmọ́ tàbí kó tì í sẹ́yìn. Iye mìlímítà kan ṣoṣo ló ní, bíi 24, 35, 50 tàbí 85, kò sì ṣeé yí padà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn tóbi sí i nínú fọ́tò ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn súnmọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ kí nǹkan púpọ̀ wọlé ní láti fà sẹ́yìn. Níta gbangba, èyí kò nira. Nínú yàrá, ògiri wà lẹ́yìn ayàwòrán, ògiri tún wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ń yà, àga àti tábìlì sì ti gba púpọ̀ nínú àlàfo tó wà láàárín wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ilé ni àṣìyàn lẹ́ǹsì ti ń dun ènìyàn jù.

Nọ́ńbà mìlímítà yìí ni àwọn onífọ́tò ń pè ní focal length. Òun ni jíjìnnà tó wà láti àárín lẹ́ǹsì títí dé ibi tí àwòrán ń balẹ̀ sí nínú kámẹ́rà, nígbà tí lẹ́ǹsì bá ń wo ohun tó wà lókèèrè réré. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ń fẹ̀ tó. Bó bá ṣe ga tó ni ojú náà ń há tó, tí ohun tó jìnnà á sì dà bíi pé ó wà nítòsí. Lórí kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ full frame, ẹni tó dúró ní mítà 3 sí ògiri yóò rí nǹkan bíi mítà 4.5 nínú ìbú ògiri náà pẹ̀lú lẹ́ǹsì 24. Pẹ̀lú 35, á rí mítà 3.1, pẹ̀lú 50, mítà 2.2, pẹ̀lú 85, kò ní ju nǹkan bíi mítà 1.3 lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá: wọ́n á sọ iye mítà tó wà láàárín di púpọ̀ lọ́nà 36, torí pé mìlímítà 36 ni ìbú sẹ́ńsọ̀ náà, lẹ́yìn náà wọ́n á fi nọ́ńbà lẹ́ǹsì pín in.

Ohun tó mú kí ayàwòrán gba lẹ́ǹsì tí kò ṣeé fà yìí ni ìmọ́lẹ̀. Ojú ènìyàn máa ń tan ẹni jẹ nínú ilé. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó lux 100,000, ṣùgbọ́n pálọ̀ tó tan gílóòbù lálẹ́ sábà máa ń wà láàárín lux 50 sí 150. Ojú tètè máa ń bá òkùnkùn yẹn mọ́ra débi pé ẹni tó wà níbẹ̀ kì í mọ̀ pé ó ṣókùnkùn. Kámẹ́rà kì í gbàgbé ní tirẹ̀. Lẹ́ǹsì zoom, ìyẹn èyí tó ṣeé fà, tó bá ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wá nínú páálí ni 18–55, èyí tí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣí ju f/3.5 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ń há dé f/5.6 bí wọ́n bá fà á dé 55. Nínú ètò nọ́ńbà f yìí, èyí tó kéré ló ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Lẹ́ǹsì prime tó ṣí dé f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí f/5.6 ń gbà. Níbi tí lẹ́ǹsì zoom bá ti nílò ìdá 1/15 ìṣẹ́jú àáyá kí fọ́tò tó mọ́lẹ̀ dáadáa, f/1.8 yóò ṣe é ní ohun tó yá ju 1/125 lọ. Ọmọdé tó ń ṣeré á di bàìbàì ní 1/15. Ní 1/125, ẹ̀rín rẹ̀ á hàn ketekete.

Fún ènìyàn dúdú, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí tún wúwo sí i. Bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun, kámẹ́rà tó ń fúnra rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀ á rí funfun aṣọ náà, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì mú gbogbo fọ́tò ṣókùnkùn. Ojú ìyàwó ló máa ń jìyà rẹ̀. Bí wọ́n bá wá tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú náà lẹ́yìn náà lórí kọ̀ǹpútà, hóró wúruwùru ló ń yọ sí ara tó yẹ kó máa dán. Lẹ́ǹsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ débẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó yan nọ́ńbà, ó gbọ́dọ̀ mọ bí sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà tirẹ̀ ṣe tóbi tó. Sẹ́ńsọ̀ full frame jẹ́ mìlímítà 36 sí 24. Àwọn kámẹ́rà tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, bíi Nikon D3500, Canon 200D àti Sony a6400, ń lo sẹ́ńsọ̀ tó kéré sí i tí wọ́n ń pè ní APS-C, tàbí crop lẹ́nu àwọn onífọ́tò. Lẹ́ǹsì kì í yí padà lórí crop; sẹ́ńsọ̀ kékeré náà ló ń gé etí àwòrán dànù, tí ohun tó kù sì ń dà bíi pé wọ́n fà á súnmọ́. Lórí Nikon, Sony àti Fujifilm, wọ́n ń sọ nọ́ńbà lẹ́ǹsì di púpọ̀ lọ́nà 1.5 láti mọ ohun tó bá a dọ́gba lórí full frame. Lórí Canon, ó jẹ́ 1.6, lórí Micro Four Thirds ti Olympus àti Panasonic, ó jẹ́ 2. Nípa bẹ́ẹ̀, 50 lórí Canon kékeré ń ríran bíi 80. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra 50 torí pé wọ́n gbọ́ pé kò sí èyí tó dára tó o ni kò gbọ́ apá yìí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Yàrá fúnra rẹ̀ ló kù láti wọ̀n. Yàrá tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé face-me-I-face-you ìlú Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.7. Ẹni tí wọ́n ń yà kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn lé ògiri, torí òjìji rẹ̀ á dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Ó yẹ kó jìnnà sí ògiri tó ìdajì mítà. Ayàwòrán náà nílò ìdajì mítà fún ara rẹ̀ àti kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó kù láàárín wọn kò ju mítà 2.7 lọ, ìyẹn bí bẹ́ẹ̀dì kò bá dí ọ̀nà. Láti ya ènìyàn kan ní ìdúró láti orí gèlè dé bàtà, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, fọ́tò gbọ́dọ̀ gba nǹkan bíi mítà 2 ní gígùn. Bí wọ́n bá dá kámẹ́rà dúró lóòró, lẹ́ǹsì 35 lórí full frame nílò mítà 1.9 fún iṣẹ́ yìí, 50 nílò mítà 2.8, 85 sì nílò mítà 4.7. Lórí crop, 24 nílò mítà 2 péré, 35 nílò mítà 3, 50 sì nílò ohun tó ju mítà 4 lọ.

Èsì ìṣirò yìí ló yẹ kí ẹni tó ń lọ sọ́jà gbé lọ́wọ́. Nínú yàrá náà, 35 lórí full frame àti 24 lórí crop ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ààyè sì tún ṣẹ́ kù. Lẹ́ǹsì 50 lórí full frame kù díẹ̀ káàtó. Lẹ́ǹsì 50 lórí crop, èyí tó jẹ́ pé òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, yóò lé ayàwòrán jáde kúrò nínú yàrá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwòrán láti orí dé ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láàárín Yorùbá. Ní 1978, Stephen Sprague kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts nípa fọ́tò nílẹ̀ Yorùbá, èyí tó gbé ka ohun tó rí lọ́wọ́ àwọn onífọ́tò, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ṣàpèjúwe àwòrán àgbà tí wọ́n ń yà nígbà náà: ẹni náà á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, gbogbo ara rẹ̀ á hàn, aṣọ rẹ̀ á tẹ́ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí itan. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ògiri pálọ̀ káàkiri, ìfẹ́ tó bí i kò sì tíì kú. Ẹni tó rán agbádá fún ọjọ́ ìkómọ fẹ́ kí agbádá náà hàn, kí fìlà hàn, kí bàtà náà sì hàn. Ayàwòrán tí lẹ́ǹsì rẹ̀ kò lè ju ti orí sí àyà lọ nínú pálọ̀ ti kùnà nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè é sí, bó ti wù kí ẹ̀yìn àwòrán náà rẹwà tó.

Àwòrán ẹbí tún le ju ti ẹnì kan lọ. Ènìyàn mẹ́fà tó dúró ní ìlà kan pẹ̀lú aṣọ ńlá lè gba mítà 3.5 ní ìbú. Lẹ́ǹsì 35 lórí full frame nílò mítà 3.4 kó tó lè kó gbogbo wọn. 24 nílò mítà 2.3. Lórí crop, lẹ́ǹsì prime 16 ló tó nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó: kí àwọn àgbà mẹ́ta jókòó níwájú, kí mẹ́ta dúró lẹ́yìn wọn. Ìbú náà á já sí nǹkan bíi mítà 2, lẹ́ǹsì 35 á sì tún tó. Ohun tí èyí ń béèrè ni pé kí wọ́n pa ihò lẹ́ǹsì dé f/4 kí ìlà méjèèjì lè mọ́ kedere, f/4 kò sì gba ju ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ f/1.8 lọ. Àsìkò fèrèsé ńlá nìyẹn, tàbí ti fíláàṣì tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí àjà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè rọra padà bọ́ sórí gbogbo wọn. Àjà náà gbọ́dọ̀ funfun. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí igi dúdú, àwọ̀ rẹ̀ á ba lé ojú gbogbo ènìyàn.

Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé 50 gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé inú ilé há mọ́ ọn. Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Ní Wetzlar lórílẹ̀-èdè Jámánì, Oskar Barnack tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Ernst Leitz fi fíìmù sinimá ṣe kámẹ́rà kékeré kan. Ó sọ ìwọ̀n àwòrán sinimá di ìlọ́po méjì, ibẹ̀ sì ni mìlímítà 36 sí 24 ti wá. Wọ́n gbé kámẹ́rà náà, Leica, jáde síta ní Leipzig ní 1925 pẹ̀lú lẹ́ǹsì mìlímítà 50 tó ṣí dé f/3.5. Láti igun kan sí igun kejì àwòrán náà jẹ́ mìlímítà 43, lẹ́ǹsì tó bá sì súnmọ́ iye yẹn ni wọ́n ń kà sí èyí tí ìrí rẹ̀ kò fẹ̀ jù tí kò há jù. Bí 50 ṣe di àṣà nìyẹn. Ìdí kejì jẹ́ ti owó: lẹ́ǹsì 50 f/1.8 rọrùn láti ṣe. Ti Canon tó jáde ní 1990 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ike tán, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Èyí tó gbapò rẹ̀ ní 2015 kò yàtọ̀ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó.

Lẹ́ǹsì 50 ní ibi tó dára sí nínú ilé. Lórí full frame, nínú pálọ̀ tó gùn tó mítà 5, ó ń ya ìdúró, ìjókòó àti ojú láìsí wàhálà. Lórí crop, ó dára gan-an fún ojú ọmọ tuntun, fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú nítòsí fèrèsé, fún ọwọ́ tó ń de gèlè. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó ní òun nìkan kò ní lè ya àwọn tó kù. Ẹni tó ń lo Nikon DX, ìyẹn crop ti Nikon, lè wo 35 f/1.8 tí ilé iṣẹ́ náà ṣe fún crop ní 2009, èyí tó sún mọ́ ìrí 50 ti full frame. Canon náà ṣe 24 tirẹ̀ fún crop ní 2014, ó kéré bíi bisikí, ìrí rẹ̀ sì bá yàrá mu dáadáa, ṣùgbọ́n f/2.8 ni, f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ju ìlọ́po méjì tirẹ̀ lọ. Nínú ilé tó ní fèrèsé púpọ̀, èyí kì í ṣe ìṣòro. Lálẹ́, lábẹ́ gílóòbù kan, ó jẹ́ ìṣòro.

Bí lẹ́ǹsì fífẹ̀ bá ti yanjú ọ̀rọ̀ àyè, ó tún mú tirẹ̀ wá. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé lẹ́ǹsì fífẹ̀ ń sọ imú di ńlá. Lẹ́ǹsì kọ́ ló ń ṣe é, jíjìnnà ni. Etí ènìyàn wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 lẹ́yìn ṣóńṣó imú rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá wà ní ìdajì mítà sí imú, etí fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin jìnnà ju imú lọ, imú á sì hàn tóbi, etí á sá sẹ́yìn. Ní mítà 2, ìyàtọ̀ náà kò ju 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ojú á sì rí bí ará ilé ṣe mọ̀ ọ́n. Lẹ́ǹsì 24 ń tan ayàwòrán láti súnmọ́ jù kí ojú lè kún fọ́tò, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Fún àwòrán ìyá àgbà kan ṣoṣo, láti àyà sókè, 85 lórí full frame láti nǹkan bíi mítà 1.8 tọ́ sí i jù, mítà yẹn kò sì ṣòro láti rí nínú yàrá kékeré pàápàá. Lórí crop, 50 yẹn náà ló ṣe iṣẹ́ 85.

Àbùkù kejì lẹ́ǹsì fífẹ̀ wà ní etí àwòrán. Ohunkóhun tó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pátápátá á nà: orí á gùn sí ẹ̀gbẹ́, apá á sanra, gèlè á fẹ̀ kọjá bó ṣe wé. Ẹni tó fẹ́ràn àwọn tó ń yà kò ní fi ẹnikẹ́ni sí etí. Á fi àyè sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, á wá gé e kúrò lẹ́yìn náà. Á tún gbé kámẹ́rà dọ́gba sí àyà àwọn tó ń yà, torí pé bí ó bá tẹ kámẹ́rà sísàlẹ̀ láti òkè, ògiri méjèèjì á dà bíi pé wọ́n fẹ́ wó, orí á sì tóbi ju ẹsẹ̀ lọ.

Ihò tó ṣí gan-an náà ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ayàwòrán. Bí ihò bá ṣe ṣí tó ni ibi tó mọ́ kedere nínú àwòrán ń tín-ín-rín tó. Ní mítà 2 lórí full frame, lẹ́ǹsì 35 ní f/1.8 ń fúnni ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 tó mọ́ kedere; 50 ń fúnni ní 17; 85 ń fúnni ní 6 péré. Sẹ̀ǹtímítà 6 kò tó láti kó ojú méjèèjì àti etí ẹni tó yí ẹ̀gbẹ́ sí kámẹ́rà. Nígbà tí Stanley Kubrick ń ya fíìmù Barry Lyndon, tó jáde ní 1975, ó fẹ́ ya àwọn ìran inú ilé pẹ̀lú iná àbẹ́là nìkan. Ó wá lẹ́ǹsì Zeiss mìlímítà 50 tó ṣí dé f/0.7, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún NASA. Ó rí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó mọ́ kedere tín-ín-rín débi pé àwọn òṣèré kò gbọ́dọ̀ máa mi síwá-sẹ́yìn lórí ìjókòó wọn. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò ní gbọ́ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, owó rẹpẹtẹ tí wọ́n ń fi kún un láti kúrò ní f/1.8 lọ sí f/1.4 kò yẹ kó jẹ́ ti lẹ́ǹsì àkọ́kọ́: ìmọ́lẹ̀ tó fi kún un kò tó ìlọ́po méjì.

Iná ilé náà ní ìwà tirẹ̀. Iná mànàmáná Nàìjíríà, bíi ti Bìrìtìkó, jẹ́ 50 Hz, gílóòbù LED tí kò jọjú sì máa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú kì í rí i, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ya fọ́tò ní 1/500, ìlà dúdú lè là á kọjá, tàbí kí fọ́tò kan mọ́lẹ̀ kí èyí tó tẹ̀ lé e ṣókùnkùn. Ìyára 1/50 tàbí 1/100 ló ń wò ó sàn. Ní Amẹ́ríkà, tí iná wọn jẹ́ 60 Hz, 1/60 tàbí 1/125 ni. Nínú méjèèjì, èyí tó yá jù ló yẹ fún ènìyàn tó ń rìn, pàápàá bí lẹ́ǹsì bá ga: àṣà àwọn onífọ́tò ni pé kí ìyára má ṣe lọ́ra ju ìdá kan lórí nọ́ńbà lẹ́ǹsì, kí gbígbọ̀n ọwọ́ má bàa hàn. Lẹ́ǹsì 35 lè fara da 1/50. 85 kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò tíì dá a lójú lè dán gbogbo èyí wò láìná kọ́bọ̀. Kó gbé zoom 18–55 rẹ̀ sí 24, kó má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́, kó fi ya ará ilé fún odidi ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, kó gbé e sí 35. Lọ́jọ́ kẹta, kó gbé e sí 50. Nọ́ńbà tí kò jẹ́ kó máa fi ẹ̀yìn gbá ògiri ni tirẹ̀. Fóònù náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí: kámẹ́rà gangan tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ń ríran bíi 24 sí 28 ti full frame, bí wọ́n bá sì tẹ 2x, á súnmọ́ 50.

Ní ti lẹ́ǹsì tòkunbọ̀, kí olùrà tan iná sí inú rẹ̀ kó wò ó láti ẹ̀yìn, torí ooru àti ọ̀rinrin etí òkun máa ń jẹ́ kí nǹkan hù sára gíláàsì inú lọ́hùn-ún bí okùn aláǹtakùn. Ẹni tó ń lo Nikon D3500 tàbí D5600 gbọ́dọ̀ wá èyí tí wọ́n kọ AF-S tàbí AF-P sí lára. Àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí kò ní mọ́tò fókọ́ọ̀sì nínú, bí wọ́n bá sì dé 50 f/1.8D àtijọ́ mọ́ wọn, ọwọ́ ni wọ́n á máa fi yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀. Lẹ́ǹsì EF-S, èyí tí Canon ṣe fún crop, kì í wọ kámẹ́rà full frame onídígí ti ilé iṣẹ́ náà rárá. Ẹni tó bá ní i lọ́kàn láti gòkè sí full frame lọ́jọ́ iwájú lè fi èyí ṣèpinnu: kó ra 35 tí wọ́n ṣe fún full frame nísinsìnyí, kó máa lò ó lórí crop bí 50, lọ́jọ́ tó bá sì pààrọ̀ kámẹ́rà, lẹ́ǹsì kan náà á fẹ̀ di èyí tó gba pálọ̀.